Ọjọ́ tí ìgò ọtí mi bú gbàmù

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọtí nínú ilé bíi tèmi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí tí ojú ṣì ń tì mí, torí bó bá pẹ́, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rín bò ó.

Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nílé ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Oníkálukú á gbé ohun tó pọn wá. A ó dà á sínú gíláàsì, a ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó sì yin ẹni tó ni ín. Lóṣù tó ṣáájú, ọ̀kan nínú wa gbé àgàdàgídí wá láti Oǹdó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n dúdú ló fi ṣe é. Ó ń dán bí oyin. Gbogbo wọn ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n wá kan tèmi, ọtí ọkà bàbà, kò hó rárá, ó kàn tẹ́ síbẹ̀ bí omidùn. Ẹ̀gbọ́n onílé tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Àbúrò, ó dáa o, àmọ́ ó ti sùn."

Ó ti sùn! Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé.

Mo ra ọkà bàbà míì ní Ọjà Ọba. Mo rẹ ẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí ewé títí ó fi hù, mo sá a, mo sì fọwọ́ ra gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù (ẹ má fojú fo ibẹ̀ yẹn o, inú èéhù ọkà bàbà ni èròjà tó ń di sáyánáìdì, májèlé ni, pọ̀ sí). Mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo da yíìsì sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, haidirómítà, irinṣẹ́ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe ṣẹ́kù sí nínú ọtí, ṣì ń ka 1.018; bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni iye yẹn ń wálẹ̀. Ọtí mi kì í dákẹ́, ìyẹn ni pé kì í jáwọ́ nínú híhó, títí yóò fi dé 1.010, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ṣì ń hó kúlúkúlú. Àmọ́ Mọ́ńdè nìyẹn, Sátidé sì ti ń bọ̀. Mo rọ ọ́ sínú ìgò méjìlá, mo ju kóró ṣúgà méjì-méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè hó dáadáa, mo sì tẹ ìdérí pa. Iná ò sí lọ́sẹ̀ náà, inú ooru ni gbogbo wọn wà.

Ní Sátidé, mo tò wọ́n sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Wọ́n rẹwà. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n ní, "Ẹ wo àwọ̀! Àbúrò, o ti..."

Gbàmù. Bí ìgbà tí táyà tírélà bẹ́. Mi ò rí ìgò náà mọ́, ọwọ́ wọn ni mo rí, wọ́n ṣì nà án sókè bí ẹni tó ṣì gbé nǹkan dání. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìkejì bú lórí tábìlì, ó sì bú mọ́ ìkẹta. Ọtí ń kán láti ara fáànù òkè. Ìhó funfun bo tábìlì, ó nípọn, irú èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo dúró, mo ń wo bó ṣe rẹwà tó, kí n tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀.

Ìyàwó wọn ló kígbe orúkọ ọmọ. Ọmọ ọdún méje. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ló jókòó sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an lọ mú kọ́ọ̀pù ni. Àfọ́kù ìgò kan tó gùn tó ìka mi dúró ṣánṣán lára tìmùtìmù àga náà. Ọmọ náà yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ń bi wá pé kí ló dún.

Wọ́n rán àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀gbọ́n lójú mẹ́rin. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kí ẹ má rọ ọtí tí kò tíì dákẹ́ sínú ìgò. Kí haidirómítà ka iye kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ká tó tẹ ìdérí pa. Yíìsì á máa jẹ ṣúgà, á máa tu afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ ò sì ríbi lọ nínú ìgò tí a ti tẹ̀ pa.

Ṣúgà náà wà níbẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan tó tẹ́jú, bíi gíráàmù 4, ti tó ìgò 60 cl, ìyẹn bí ọtí bá ti dákẹ́ o. Tèmi ò tíì dákẹ́, mo tún ju kóró méjì sí i.

Ẹnì kan ní ọkà bàbà ló fà á, pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pọn bíà gidi. Irọ́. Láti ìgbà tí ìjọba fòfin de kíkó málìtì ọkà báálì (ọkà tí wọ́n mú hù kí wọ́n tó fi pọn bíà) wọlé ní 1988 ni àwọn iléeṣẹ́ bíà wa ti gba ọkà bàbà àti àgbàdo mú. Ìgò náà ò sì ní àbùkù, ìgò bíà ni. Ìkánjú mi ni.

Bí ẹ bá ń rọ ọtí sínú ìgò, ẹ máa rọ díẹ̀ sínú ìgò oníke kan, kí ẹ dé e pa, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Bó bá ti le gbagidi, ẹ kó àwọn ìgò yòókù sínú fíríìjì. Èmi ní ike nílé. Mi ò lò ó, torí kò ní dáa nínú fọ́tò.

Ìyá àgbà wa ní Ìdànrè pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títí wọ́n fi darúgbó, ìkòkò kan ò bú mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́ ni wọ́n ń bù ú fún èèyàn, aṣọ pẹ́lẹ́bẹ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu ìkòkò. Àwa la gbé ìdérí dé.

Mo ti pọn òmíràn. Ó ti wà ní 1.010 láti ìjẹta, mi ò tíì rọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n pè mí lánàá pé kí n rí i dájú pé mo wá lóṣù yìí. Wọ́n ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá bẹ́ẹ̀, kí n má dé e.