Àwọ̀ Ewé Tí Kì Í Ṣe Ti Quartz

Quartz, irú òkúta líle kan, kì í ní àwọ̀ bí kò bá ní àbùlà. Ó máa ń mọ́ gaara bí omi. Àwọ̀ ewé tí a ń rí lára aventurine, òkúta tí quartz pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń wà ní Íńdíà, wá láti ara fuchsite, ìyẹn irú mica (òkúta onípẹ́ tí ń dán) kan tí ó ní chromium, irú irin kan, nínú, tí ìpẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ há sáàárín àwọn hóró quartz. Bí a bá rọra yí òkúta náà lábẹ́ iná, àwọn ìpẹ́ kan á tàn yẹ́ríyẹ́rí, àwọn mìíràn á sì ṣú.

Àwọn oníṣòwò kan ń pè é ní jéèdì Íńdíà, orúkọ tí mo kà sí ẹ̀tàn gbáà, nítorí ìwọ̀n lásán ti tó láti tú àṣírí rẹ̀: ó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2.65 ìwọ̀n omi tí ó gba àyè kan náà, nígbà tí ti jadeite, ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí ó jẹ́ jéèdì gidi, tó 3.3. Líle rẹ̀ sún mọ́ 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs, èyí tí a fi ń díwọ̀n líle òkúta láti 1 dé 10.

Goldstone ní tirẹ̀, tí òun náà máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bíi aventurine, gíláàsì ni. Awò tí ń mú nǹkan tóbi máa ń fi ègé bàbà onígun mẹ́ta tàbí mẹ́fà hàn nínú rẹ̀.