Aṣọ Tí Wọn Ò Tíì Tú

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ, Yves Saint Laurent àti Dior ni wọ́n ń wá kiri nínú ọ̀kìríkà ní ọjà Katangua. Mi ò bá wọn jà, aṣọ tó dáa ni. Àmọ́ iṣẹ́ àwọn aránṣọ tiwa ni èmi ń wá, àwọn tó lórúkọ láti ìgbà òmìnira títí wọ ọdún 1980 sí i. Yàrá kan nílé mi ní Ṣúrùlérè ti kún fún un.

Màmá Shade Thomas-Fahm ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n bí wọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n torí ẹ̀ lọ sí London ní 1953, iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n kọ́ bọ̀. Ọdún tí a gba òmìnira gan-an ni wọ́n padà sí Èkó tí wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lásìkò yẹn, obìnrin tó bá kàwé tó sì ń lọ sí ọ́fíìsì, aṣọ òyìnbó ló máa wọ̀. Màmá mú aṣọ òkè, wọ́n mú àdìrẹ, wọ́n mú akwete, aṣọ híhun ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì rán wọn lọ́nà tí èèyàn fi lè wọ̀ wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fi síìpù sí ìró. Wọ́n rán gèlè tó jẹ́ pé wọ́n ti wé e sílẹ̀, ẹni tó rà á kàn máa gbé e dérí ni. Nígbà tí V&A, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní London, pàtẹ aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Mo sì ń rò ó pé mélòó nínú rẹ̀ ló kù sí Èkó níbí.

Ìró aṣọ òkè kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè fi tọrẹ. Tí obìnrin bá wọ̀ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sọ̀yà pé ó ró o ni, torí etí aṣọ náà gun ara wọn níwájú bó ṣe yẹ. Ẹ wá yí i sódì. Síìpù onírin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, ọwọ́ ni wọ́n fi gán an mọ́ ọn, ojú abẹ́rẹ́ náà kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ibi tí awẹ́ aṣọ méjì ti pàdé, ìlà ara wọn ṣe déédéé látòkè délẹ̀. Ẹni tó gé aṣọ yìí ti ka ìlà kó tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì.

Lébẹ́ẹ̀lì ti já kúrò lára rẹ̀. Ìyá tó ni ín ló sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Shade làwọn ti rà á, wọ́n sì fa fọ́tò ìkómọ kan yọ nínú bíbélì: àwọn rèé nínú ìró yẹn, ọmọ lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò náà, mo sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ohun kan ni wọ́n bi mí: “Ṣé o ò ní tú u, ọmọ mi?”

Ìbéèrè gidi ni ìyá yẹn bi mí. Kòkòrò kọ́ ló ń run àwọn aṣọ wọ̀nyí, títú ni. A mọyì aṣọ òkè nílẹ̀ yìí. Kò sí ọmọ tó máa ju sányán ìyá rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rán an, ìyẹn là ń fojú di. Wọ́n á gbé e fún télọ̀, ó di fìlà, ó di pọ́ọ̀sì, ó di ìrọ̀rí àga. Òwú ṣì wà, iṣẹ́ ọpọlọ ẹni tó gé e ti lọ. Àwọn télọ̀ wa sì máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ kí ó lè ṣeé tú nígbà tí èèyàn bá sanra, nítorí náà inú aṣọ ni mo ti ń kọ́kọ́ wò. Bí àyè yẹn bá ṣì wà pérépéré, tí mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán, mo mọ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó dà á láàmú.

Ti ìtọ́jú kò le. Mi ò kì í fi aṣọ òkè kọ́, torí ó wúwo, èjìká rẹ̀ á fà. Mo máa ń fi aṣọ funfun tí kò ní aró wé e, màá ká a róbótó, màá sì máa gbé e síta níbi òjìji lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Káńfọ̀ ò gbọdọ̀ kan aṣọ rárá. Shain-shain, aṣọ òkè dídán ayé 1970 sí 1979, ni kí ẹ ṣọ́ jù: òwú dídán inú rẹ̀ kì í ṣe òwú lásán, ayọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Aṣọ tó ní lébẹ́ẹ̀lì Labanella ni mò ń wá báyìí, iṣẹ́ aránṣọ Abah Folawiyo, pàápàá ti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà nínú àpótí ìyá yín tàbí àǹtí yín, ì báà ti ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí wọn ò bá fẹ́ tà á, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ àti òde tó wọ̀ ọ́ lọ.