Ẹ Fi Rúlà Wọn Túùbù Kí Ẹ Tó Ya Lébẹ́ẹ̀lì

Bí sikánà bá kọ̀ tí kò ka bákóòdù lára lébẹ́ẹ̀lì túùbù, sikánà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú sọ́fítíwia láàbù ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, níbi tí wọ́n ti ya lébẹ́ẹ̀lì náà láìwo túùbù tó ń lọ.

Túùbù ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ ga ní mílímítà 75, ó fẹ̀ ní 13. Bí ẹ bá yí i po, kò tó 41. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bákóòdù nà láti ọrùn túùbù lọ sí ìdí, kí àwọn ìlà rẹ̀ dábùú bí ìgbésẹ̀ àkàbà. Èyí tó bá yí túùbù po, ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti kọ ẹ̀yìn sí sikánà.

Ìṣirò ló kàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Nínú Code 128, irú bákóòdù onílà kan, ẹ pe ìlà tó tínrín jù ní ẹyọ kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba ẹyọ 11, àmì ìbẹ̀rẹ̀ 11, àmì ìyẹ̀wò 11, àmì ìparí 13, àyè funfun 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ìdá C rẹ̀, èyí tó wà fún nọ́ńbà nìkan, máa ń di nọ́ńbà méjì pọ̀ sínú ẹyọ 11 kan ṣoṣo. Nọ́ńbà 10 á wá gba ẹyọ 110. Lẹ́tà 10 á gba 165.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 203 dpi (dọ́ọ̀tì 203 nínú ínǹṣì kan) ń tẹ dọ́ọ̀tì 8 sínú mílímítà kan. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ dọ́ọ̀tì méjì, nọ́ńbà 10 yẹn á gba mílímítà 27.5, lẹ́tà 10 á lé díẹ̀ ní 41. Kò sí bí ìkejì ṣe fẹ́ wọ lébẹ́ẹ̀lì mílímítà 38. Bí ẹ bá fi eku kọ̀ǹpútà fún un kó lè wọ̀ ọ́, ẹyọ á di dọ́ọ̀tì kan àti díẹ̀, kò ní pé méjì. Ẹ̀rọ kò lè tẹ dọ́ọ̀tì tí kò pé: á tẹ ìlà kan ní dọ́ọ̀tì kan, á tẹ òmíràn ní méjì. Lójú ènìyàn ó dán, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà. Bí PDF bá ń fún ara rẹ̀ mọ́ ojú ìwé náà nìyẹn. 100% gan-an ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Túùbù kékeré ní tirẹ̀, Data Matrix, bákóòdù kékeré onígun mẹ́rin, ló yẹ ẹ́.

Bébà tí ooru nìkan ń kọ, láìsí ríbọ́ọ̀nù, máa ń bàjẹ́ bí ooru tàbí ọtí bá kàn án. Fún ethanol àti xylene, ríbọ́ọ̀nù resin ni kí ẹ lò; ti wax á nù kúrò. Fún fírísà −80 tàbí nitrogen olómi, ẹ ra èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ wà fún òtútù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ nígbà tí túùbù ṣì gbẹ. Lórí yìnyín, kò ní lẹ̀.

Bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń yọ lójú kan náà lára gbogbo lébẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí orí ìtẹ̀wé tutù, kí ẹ fi isopropyl alcohol nù ún. Bí kò bá lọ, dọ́ọ̀tì kan ti kú. Bí àwọn ìlà bákóòdù bá tọ ọ̀nà tí bébà ń gbà jáde, òkú dọ́ọ̀tì yẹn lè gbé odindi ìlà mì. Bí wọ́n bá dábùú ọ̀nà náà, á kàn gé gbogbo wọn ní ojú kan, sikánà á ṣì rí ibi kà.

Excel náà ń bani nínú jẹ́: ó ń jẹ òdo iwájú, bí nọ́ńbà bá sì gùn ju díjíìtì 15 lọ, ó ń sọ ìyókù di òdo. Ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Orúkọ aláìsàn kò gbọdọ̀ wọnú bákóòdù; nọ́ńbà sámpù nìkan ni.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ mẹ́wàá, kí ẹ kà wọ́n sínú Notepad, kí ẹ fi wọ́n wé nọ́ńbà inú sọ́fítíwia lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bíi & àti é bá ń jáde dípò nọ́ńbà, bákóòdù kò ní ẹ̀bi: kíbọ́ọ̀dù Faransé ni kọ̀ǹpútà ń lò, sikánà kò sì mọ̀.