Àpótí tí wọn ò fẹ́ lójú ọ̀nà

Àpótí onígi kan wà nínú yàrá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ jókòó lé. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ de igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀ ni ojú mi máa ń lọ sí. Orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, Aureol. Orúkọ bàbá mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sì wà lókè, tí mo kà nígbà tí mo wà ní praimárì kẹta: wọn ò fẹ́ ẹ nínú ìrìn àjò yìí. Mo rò pé bàbá mi ni wọn ò fẹ́. Mo bínú sí òyìnbó fún bí ọdún méjì kí ẹnì kan tó là mí lọ́yẹ̀ pé ẹrù ni wọ́n ń sọ, ẹrù tí onítọ̀hún ò ní tú títí yóò fi gúnlẹ̀, tí wọ́n máa ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Èyí tó máa lò lójú ọ̀nà, inú yàrá tó ń sùn ni wọ́n máa gbé e sí.

Ọmọ àbúrò mi ló jẹ́ kí n rántí. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, àwọn èèyàn ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti òkè já sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, orin ń dún. Ó ní, "Bíìgì Mọ́mì, ṣé irú ọkọ̀ tí bàbá àgbà wọ̀ lọ sí London nìyí?"

Rárá o. Ọkọ̀ bàbá mi dà bíi bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọjọ́ta. Òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, yóò lọ, torí àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ inú fídíò yẹn, Coaster tí ẹgbẹ́ gbà lọ sí òde ni. Ibi tó ti gbéra ló máa padà sí, ijó inú ọkọ̀ gan-an sì ni òde ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kàn wọ́n bákan náà. Èyí tó ń ná òkun, ara rẹ̀ máa ń nípọn, imú rẹ̀ máa ń gùn kó lè la ìgbì, torí kò lè sọ pé òun ò lọ mọ́ nítorí ìjì. Ọkọ̀ afẹ́ ní tirẹ̀ á yà fún ìjì, á wá èbúté mìíràn lọ. Queen Mary 2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ṣì ń ná Southampton sí New York, àmọ́ irú rẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Ọdún 1951 ni Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Àpápá fún ilé iṣẹ́ Elder Dempster. Funfun ni, ìwọ̀n rẹ̀ tó 14,000 tọ́ọ̀nù, èrò tó ń gbé lé ní 300. Bí wọ́n bá to méjì irú rẹ̀ tẹ̀ léra wọn, wọn ò ní gùn tó ọkọ̀ inú fídíò yẹn. Ọkọ̀ òfuurufú ló gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ojú ọ̀nà yẹn sílẹ̀ ní 1974.

Bàbá mi wọ̀ ọ́ ní 1961. Wọ́n yà ní Ghana, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n yà ní Las Palmas, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Lẹ́yìn Las Palmas ni omi Biscay, òkun oníjì tó wà létí ilẹ̀ Faransé, gbá wọn mú. Oúnjẹ òyìnbó ò dúró sí i nínú mọ́, nǹkan kan ṣoṣo tí ọ̀fun rẹ̀ sì ń béèrè ni gàrí Ìjẹ̀bú, kíkan gidi, pẹ̀lú omi tútù. Gàrí wà o. Màmá rẹ̀ di í fún un. Inú àpótí tí wọn ò fẹ́ yẹn ló wà, nísàlẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ ẹrù gbogbo ayé.

Ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ bá jáde wá gbé irinṣẹ́ kan sójú láti wọn bí oòrùn ṣe ga tó sí ojú omi. Wọ́n á fi mọ bí wọ́n ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó. Ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ló le, àfi kí aago tó ń sọ àkókò Greenwich, ní London, wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n fi wé oòrùn ibi tí wọ́n wà. John Harrison, gbẹ́nàgbẹ́nà, ló ṣe aago tí ìgbì ò lè da orí rẹ̀ rú. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Jamaica ní 1761, igba ọdún kí bàbá mi tó gbéra.

Lálẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fi ìràwọ̀ kan han bàbá mi lápá àríwá. Kì í ṣe àgùàlà tó ń bá oṣù rìn kiri o. Èyí kì í kúrò lójú kan. Na apá rẹ síwájú, di ìkúùkù: ní Èkó, ìràwọ̀ yẹn ò ga tó ìkúùkù kan sí ojú omi. Ní Liverpool, ó ju márùn-ún lọ. Bàbá mi ní láti Freetown lòun ti ń di ìkúùkù sí ojú ọ̀run lálaalẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bá Olódùmarè jà.

Ó bọ̀wọ̀ fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ yẹn dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ti ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó ń tukọ̀ ní Ìwòpin. "Ó mọ omi," gbogbo ohun tí bàbá mi máa ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé ewúrẹ́ mọ ilé.

Ní 1978, ilẹ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀sà láàárín Ẹ̀pẹ́ sí Ìwòpin. Ìkómọ la ń lọ ṣe. Bàbá mi tan tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mẹ́ta, ó ń dá a síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní, "Ọkọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn." Ọkọ wa ò pa á. Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ gun igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, omi wọlé, fìlà bàbá mi bá omi lọ. Ìgbà yẹn ló pa á. Nígbà tí ojú wa mọ òkùnkùn tán, mo rí igbó létí omi, dúdú ju ojú ọ̀run lọ. "Ẹ gbọ́," ẹ̀gbọ́n màmá mi wí, "òkun ń hó lápá ibẹ̀ yẹn. Etí ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi dé. Bí a bá ń padà bọ̀, etí òsì." Lẹ́yìn náà ó fa imú, ó ní wọ́n ti ń yan ẹja, ilé ò jìnnà mọ́. Mi ò tíì gbóòórùn kankan. Ó tó ìgbà mélòó kan tí àjẹ̀ wọ omi kí èéfín tó dé imú tèmi.

Ọdún méjì péré ṣáájú alẹ́ yẹn, Mau Piailug, ará erékùṣù Satawal nínú òkun Pàsífíìkì, darí ọkọ̀ onígbòkun Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti, nǹkan bíi máìlì 2,500, láìsí kọ́ńpáàsì. Ìràwọ̀ ló ń wò. Bí ìràwọ̀ bá fara pa mọ́, bí ìgbì ṣe ń gbé ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń mọ ọ̀nà. Gbogbo ayé kan sáárá sí i. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ ka ìtàn náà fún. Ó ní, "Ṣé ẹni yẹn náà máa ń fa imú?"

Oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, mo tún wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ni, ọmọkùnrin tó ń wà á fi fóònù há ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó ń wo máàpù. Ọyẹ́ ti bo etí omi méjèèjì pátá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé, fóònù kú. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó dìde dúró, kò sọ nǹkan kan. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Èmi ń wo etí rẹ̀. Ó jókòó, ó tan ẹ́ńjìnì, ó sì yí imú ọkọ̀ sí òsì.