Ìdí tí iye ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré fi ń dúró sójú kan: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ti pín èrè, àwọn kan a máa bi mí pé ṣé kí àwọn fi owó náà ra ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jèrè, ṣùgbọ́n tí iye ìpín rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: ìpín mélòó ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀ lójúmọ́?

Lára irú ìpín bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo ti kọ́ ọ pé èrè nìkan kò lè gbé iye sókè. Ẹ wo àwọn ilé ńláńlá tí àwọn ọmọ wa tó ń gbé l'Ékòó kọ́ sí abúlé: kò sí àléébù lára ilé náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tà á kò ní rí iye tó fi kọ́ ọ gbà, nítorí pé olùrà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Olùdásílẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ló sábà máa ń ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré, wọn kì í sì í tà, nítorí náà díẹ̀ ló ń dé ọjà. Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tí owó wọn ìbá mú ọjà gbóná, kì í fẹ́ sún mọ́ ọn, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọn kò ní rí ẹni gbà á lọ́wọ́ wọn.

Òfin ọjà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà tún òfin rẹ̀ ṣe ní ọdún 2018, ó là á kalẹ̀ pé iye tí wọ́n ń kéde fún ìpín tí kò tó ₦5 kò ní yí padà àyàfi bí wọ́n bá tà tó 100,000 nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ra 3,000 ní iye tó ga, tí kò sí ẹlòmíràn tó rà, owó rẹ̀ ti lọ, ìpín ti wọlé, síbẹ̀ iye àná náà ni wọn yóò tún kéde. Mo ti wo ojú fóònù mi lọ́jọ́ kan tí ẹni tó fẹ́ rà dúró sí ₦1.80, tí ẹni tó fẹ́ tà dúró sí ₦1.95, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín wọn títí ọjà fi tú.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa rà, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ fún alágbàtà yín, kí ẹ má ṣe ní kó rà á ní iyekíye. Ẹ ṣírò iye náà lórí owó èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ń pín lọ́dọọdún. Owó ilé-ìwé ọmọ kò gbọdọ̀ sí nínú owó tí ẹ máa fi rà á rárá. Kí ẹ sì lọ sí ìpàdé ọdọọdún, kí ẹ dìde bi àwọn olùdarí ìgbà tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà yóò tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìpín wọn fún ará ìta. Èmi máa ń béèrè rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, nítorí pé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló lè ṣe é.