Lẹ́tà Dé, Ẹrù Kò Dé

Ọjọ́rú, alẹ́

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá mi fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́: "Lẹ́tà rẹ dé. Fáìlì tó o ní o so mọ́ ọn dà?" Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò wò ó dáadáa ni. Ọjọ́ kẹta rèé tí script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀) tí mo kọ ti ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sí wọn ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí èmi sì ń sùn ní tèmi. Mo ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé "ẹ wo fáìlì tó wà nísàlẹ̀". Nísàlẹ̀, òfo.

Ìlà tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀ rèé:

mail -s "Ìṣirò" -a isiro.pdf $OGA < leta.txt

Ó pẹ́ tí mo ti ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà mi, kò já mi kulẹ̀ rí. Àmọ́ sáfà tuntun, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ni mo gbé script lọ, "mail", ètò tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Orúkọ ló bá ara mu. S-nail ló wà lórí tèmi, "so fáìlì yìí mọ́ ọn" ni -a túmọ̀ sí níbẹ̀. Bsd-mailx ló wà lórí sáfà, -a tirẹ̀ sì ń sọ pé "fi ìlà yìí kún orí lẹ́tà", níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti àkọlé máa ń wà. Ti GNU mailutils tún yàtọ̀: -A ńlá ló ń so fáìlì. Ta ló fẹ́ há gbogbo èyí sórí? Ohun tó dùn mí jù ni pé kò ké. Ó gba orúkọ fáìlì mi bí ẹni gba ìkíni, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sì dá 0 padà fún mi, pé kò sí wàhálà.

Mo bọ́ sórí mutt, ètò ímeèlì mìíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbàgbé àmì -- tó yẹ kó pààlà sáàárín fáìlì àti àdírẹ́sì. Bí -a tirẹ̀ ṣe lè gba fáìlì púpọ̀ léraléra, ó rò pé fáìlì ni àdírẹ́sì ọ̀gá mi náà, ó sì pariwo pé òun ò rí i so. Ariwo yẹn dùn mọ́ mi. Ó sàn kí irinṣẹ́ máa bá mi jà ju kó máa mi orí sí gbogbo ohun tí mo bá wí.

mutt -s "Ìṣirò" -a isiro.pdf -- $OGA < leta.txt

Ó yẹ kí n lọ sùn. Ńṣe ni mo tún ṣí lẹ́tà náà bó ṣe rí gan-an, láìsí ọ̀ṣọ́. Àkọlé mi ti di =?utf-8?B?w4zhuaNpcsOy?=. Mo kà á. Lẹ́tà márùn-ún ni "Ìṣirò", ṣùgbọ́n àmì ohùn àti àmì abẹ́ sọ ọ́ di báìtì 9 (báìtì ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀). Base64, ọgbọ́n tó ń fi lẹ́tà lásán kọ báìtì, a máa sọ báìtì 3 di lẹ́tà 4, ni 9 bá di 12. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe PDF mi, ìlà lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lé ní lẹ́tà 76. Abájọ tí fáìlì mẹ́gábáìtì 6 fi ń lé ní 8 kó tó kúrò nílé, tí sáfà ẹlòmíràn á sì dá a padà pé ó ti tóbi jù.

Láyé àtijọ́, ASCII, ìyẹn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán tí kò ní àmì ohùn, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀, nìkan ló lè gba ojú ọ̀nà ímeèlì kọjá. Mary Ann Horton kọ ètò uuencode ní 1980 láti wá ọgbọ́n sí i. Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé MIME, ìlànà bí fáìlì ṣe ń wọ inú ímeèlì, jáde ní 1992, òun la sì ń lò dòní. Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ pé mo "so" fáìlì! N kò so nǹkan kan rí. Inú lẹ́tà gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀.

Mo ti fi àdírẹ́sì ara mi kún script. Màá ti jí kó tó di aago mẹ́fà ọ̀la. Ọ̀gá mi ti rí èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán lónìí gbà. Wọ́n ní: "Ó dé." Wọn ò fi nǹkan kan kún un.