Ẹ Dúró Síbi Omi: Ohun Tí Igbó Kruger Kọ́ Mi

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn kì í wá ẹran káàkiri igbó mọ́, ibi tí omi bá ṣẹ́ kù sí làwọn máa ń lọ lúgọ sí. Ó tó ogójì ọdún kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi, ọ̀nà jíjìn ló sì ti yé mi: ní Kruger, lórílẹ̀-èdè South Africa.

Oṣù Keje la lọ, èmi, ọkọ mi àti bọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní Johannesburg. Àwọn ni wọ́n wa mọ́tò. Ọdún 1926 ni wọ́n sọ Kruger di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà níbùú lóòró, ó ju ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Èèyàn lè wa mọ́tò ara rẹ̀ wọ ibẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè.

Ìwàǹwára la fi ba ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́. Bí a ṣe kúrò ní Skukuza, ọ̀kan lára àgọ́ àlejò tó wà nínú ọgbà náà, kìnnìún nìkan la ń wá. Ibi tí a bá ti rí ọkọ̀ mẹ́ta tó dúró pọ̀, a ti sáré débẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lódìkejì sọ fún wa pé ẹkùn wà lórí igi níwájú. Ká tó débẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú koríko. Ìrù rẹ̀ nìkan ni mo rí, fìrí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, aago ló wá ń lé àwa náà, torí ní Oṣù Keje, aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n máa ń ti géètì àgọ́. Ọ̀wọ́ àgùnfọn wà lẹ́bàá ọ̀nà, a kọjá lára wọn bí ẹni kọjá lára òpó iná. Ó ṣì ń dùn mí. Aadọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan ni eré tí òfin gbà lójú ọ̀dà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ṣírò ìrìn àjò yín, ẹ fi kìlómítà 25 sí wákàtí kan, kẹ́ ẹ lè ráyè wo nǹkan.

Lóru ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni Oṣù Keje lọ́hùn-ún, koríko ti gbẹ, adágún kéékèèké ti gbẹ. Mo ní kí bọ̀dá jọ̀ọ́ wa mọ́tò lọ síbi adágún tí wọ́n ń pè ní Sunset Dam, lẹ́bàá àgọ́ Lower Sabie, kí wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì.

A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Fún bí ìṣẹ́jú ogún, omi lásán la rí. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo pè ní àpáta mí èémí, erinmi ni. Igi gbígbẹ tó wà létí omi la ẹnu, ọ̀nì ni. Àwọn impala, ẹran tó jọ ìgalà, dé, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń wẹ̀yìn. Ìgbà tó yá, àwọn erin jáde, ìyá àgbà wọn ló ṣáájú. Bí wọ́n ṣe tóbi tó, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́jà fa omi. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu mu tiẹ̀. Àwa tí a dàgbà sínú oríkì àjànàkú, mélòó nínú wa ló ti fojú rí i? Omi ń bọ́ lójú mi. Bọ̀dá náà ò lè sọ̀rọ̀.

Tí erin bá dí ọ̀nà, ẹ má fun fèrè. Ẹ rọra padà sẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ akọ, tí omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ẹ jìnnà sí i gan-an, ara rẹ̀ ń gbóná nígbà yẹn.

Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Aṣọ pélébé ni mo kó lọ, òwúrọ̀ ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gán mi lẹ́yín. Ẹ lo oògùn ibà kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má sọ pé torí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibà ò lè ṣe yín. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò fífà. Ẹ tilẹ̀kùn oúnjẹ dáadáa ní àgọ́, ọ̀bọ ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fíríìjì.

Èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí jù: tẹ́ ẹ bá rí àgbáǹréré, ẹ má ṣe gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Àwọn tó ń pa wọ́n nítorí ìwo náà ń wo fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, mi ò tíì la ẹnu tí bọ̀dá ti yà sétí omi. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n bu tíì fún wa láti inú fúláàsì, wọ́n ní, “Ó tún kù díẹ̀ kí a lọ.”